Kí ló dé tí ìpolówó fíìmù fáńpáyà àtijọ́ fi pupa tó báyìí?

AwòranÒru:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wo fídíò kan tí wọ́n ti kó ìpolówó fíìmù fáńpáyà àtijọ́ jọ, àwọn òkú tó ń jí mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Bí ọ̀kan ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, láti ayé Bela Lugosi tó kó ipa fáńpáyà Dracula ní 1931, títí dé ìgbà tí Christopher Lee tó kó ipa kan náà lẹ́yìn rẹ̀ ń yọ eyín sí gbogbo ọmọge tó bá kọjá. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó rú mi lójú. Àwọn ti àwọn ọdún 1930, tí wọ́n jẹ́ dúdú àti funfun, mọ́ kedere, àfi àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Ìgbà tó wá kan ti 1960 sí 1975, tó yẹ kó tún dára sí i, gbogbo rẹ̀ pupa fòò! Ojú ọ̀run pupa, koríko pupa, aṣọ ìyàwó pàápàá pupa. Ṣé ẹni tó kó wọn jọ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọ̀ yẹn sí i nítorí ẹ̀jẹ̀ ni, àbí bí wọ́n ṣe rí ní sinimá nìyẹn?

Ìbéèrè kejì: ó kọ 1931 sára ìpolówó Dracula, ṣùgbọ́n ìpolówó náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ti mọ fíìmù yẹn tẹ́lẹ̀. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

BàbáRílì:
Kò sẹ́ni tó kùn ún. Iṣẹ́ ẹ̀rọ sinimá ni mo ṣe jẹun, irú àwọ̀ pupa yẹn sì ti sú mi.

Ọdún 1950 ni Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, gbé fíìmù aláwọ̀ tó ń jẹ́ Eastmancolor jáde. Ṣáájú rẹ̀, kámẹ́rà Technicolor, tí wọ́n fi ń ya fíìmù aláwọ̀ nígbà yẹn, tóbi bí àpótí, fíìmù mẹ́ta ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, owó gọbọi sì ni. Eastmancolor kó àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí fíìmù kan ṣoṣo, gbogbo ilé-iṣẹ́ bá sáré gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé èròjà àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, kódà bí fíìmù wà nínú òkùnkùn agolo. Èyí tó jẹ́ búlúù ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìyeyè á máa ṣá tẹ̀lé e, pupa ló máa ń kù sílẹ̀. Fíìmù dúdú àti funfun kò ní wàhálà yẹn, nítorí fàdákà ló di àwòrán mú níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Lugosi fi mọ́ ju Lee lọ.

Ẹ lè ní: ṣebí àwọ̀ fíìmù Lee fúnra rẹ̀ dára lórí DVD? Bẹ́ẹ̀ ni. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwọn ẹ̀dà jáde, ni wọ́n ti tún un ṣe, ilé-iṣẹ́ sì máa ń tọ́jú nẹ́gátíìfù. Ta ló tọ́jú ìpolówó? Ní Amẹ́ríkà, National Screen Service ló ń pín ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àwọn ilé sinimá á yá a, wọ́n á lò ó, wọ́n á dá a padà. Ẹ̀dà tó ti já láìmọye ìgbà, tí wọ́n fi téèpù lẹ̀, tí ẹnì kan wá gbé sórí àjà tó gbóná, òun ni ẹ ń wò yẹn. Ẹ ṣí agolo irú rẹ̀ wò, òórùn fínígà á lé yín jáde nínú yàrá, torí ike fíìmù náà ti ń jẹrà.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dà tí Technicolor fi èròjà tẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ìwé. Ìyẹn kì í ṣá bọ̀rọ̀.

ỌmọLugosi:
Bàbá ti yanjú ìbéèrè èkíní. Ní ti èkejì, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa bóyá ẹ máa rí orúkọ Realart. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Realart gba àṣẹ láti máa gbé àwọn fíìmù àtijọ́ ti Universal, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Dracula, padà sí sinimá, wọ́n sì ṣe ìpolówó tuntun fún wọn. Fíìmù lè jẹ́ ti 1931 kí ìpolówó rẹ̀ jẹ́ ti ogún ọdún lẹ́yìn náà. Irú rẹ̀ náà ni Nosferatu ti 1922. Fíìmù tí kò ní ohùn ni, nítorí náà ìpolówó rẹ̀ tí ẹnì kan bá ti ń fi ohùn ńlá dẹ́rù bà yín, kì í ṣe ti ayé ìgbà yẹn. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu pé fíìmù ọ̀hún ṣì wà: wọ́n fi ìtàn Dracula ṣe é láìgba àṣẹ, opó Bram Stoker tó kọ ìwé Dracula bá pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní Jámánì sì pàṣẹ ní 1925 pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà rẹ̀.

Irọ́ àwọn fíìmù àti ìpolówó yìí ni èmi fẹ́ràn jù o. The Brides of Dracula, 1960: Dracula kò yọjú níbẹ̀ rárá! Nínú Dracula: Prince of Darkness, 1966, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Lee kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ro ti ẹni tó ń ṣe ìpolówó, tí wọ́n ní kó wá gbólóhùn tó ń dẹ́rù bani gé láti ẹnu rẹ̀.

Àjọkẹ́94:
Ṣé ti Blacula, 1972, wà nínú àkójọ yẹn? William Marshall tó kó ipa fáńpáyà inú rẹ̀ ló ní kí wọ́n sọ fáńpáyà náà di ọmọ ọba Áfíríkà, Mamuwalde, tó lọ bẹ Dracula pé kó ran òun lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Èmi ò tíì rí òṣèré tó ní ohùn bíi tirẹ̀.

AwòranÒru:
Ó wà níbẹ̀. Òun ló pupa jù! Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè fi kọ̀ǹpútà dá búlúù yẹn padà?

BàbáRílì:
Ẹ lè gbìyànjú, àmọ́ àwọ̀ tó ti lọ, àfọ̀ràn méfò lẹ máa fi dí àyè rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ ojú Lee di àwọ̀ ewé. Ohun tí èmi máa ń ṣe kò gba ìṣẹ́jú kan: mo máa ń yí àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ pátápátá, kí gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun. Àwòrán ṣì wà nínú pupa yẹn, ojú, aṣọ, òkùnkùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀. Ti Blacula ni kí ẹ fi dán an wò.