“Tó pọ̀ jù lọ” yàtọ̀ sí “tó ju ìdajì lọ”: lórí àtẹ àwọn ẹgbẹ́ nínú Ilé Aṣòfin British Columbia

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó túmọ̀ àtẹ iye aṣòfin ìpínlẹ̀ British Columbia, ní Kánádà, sí Yorùbá ṣe iṣẹ́ ńlá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àtẹ náà, wọ́n kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìbò oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ẹgbẹ́ Liberal ni “ọlọ́pọ̀ Ilé”. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Ilé náà lẹ́yìn ìbò kò lè yé ẹni tó bá ń kà á.

Àga 87 ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Liberal gba 43, ẹgbẹ́ NDP (New Democratic Party) gba 41, ẹgbẹ́ Green sì gba 3. Ìdajì 87 jẹ́ 43 àti ààbọ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá ìjọba ṣe láìwojú ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ ní 44. Bí ọmọ mẹ́ta bá pín ọsàn 10, tí ọ̀kan mú 4, tí àwọn méjì yòókù mú mẹ́ta-mẹ́ta, ti ọmọ àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù lọ, síbẹ̀ kò tó ìdajì. Bí àwọn méjì yẹn bá da tiwọn pọ̀, wọ́n ti jù ú lọ. Bí ọ̀rọ̀ Liberal ṣe rí gan-an nìyẹn. “Ọlọ́pọ̀” kò sọ èwo nínú méjèèjì ni à ń wí.

Àbá mi ni pé kí a pe ẹgbẹ́ tó ju ìdajì lọ ní “ajùdajì”. Ọ̀rọ̀ náà lè ṣàjèjì létí lónìí, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì rárá: bí “kọ ìwé” ṣe di akọ̀wé ni “ju ìdajì” ṣe di ajùdajì. Ìjọba tí àga rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ a sì máa jẹ́ “ìjọba aláìtódajì”. Ní ti ẹgbẹ́ tó kàn pọ̀ ju àwọn yòókù lọ, mo rò pé kò yẹ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan fún un, nítorí pé “àpọ̀jù” ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó kọjá ìwọ̀n ni ó ń tọ́ka sí. Kí a kọ “ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù lọ”, ó ti tó.

Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ náà fà. NDP àti Green tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, 41 àti 3 sì di 44. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, Ilé dìbò pé àwọn kò fọkàn tán ìjọba Christy Clark, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà láti ẹgbẹ́ Liberal, mọ́, 44 sí 42. Ẹni tó bá mọ̀ pé 43 ni Liberal yóò béèrè ibi tí ẹnì kan yòókù wọlé sí. Steve Thomson ni, ọmọ ẹgbẹ́ Liberal tó wà lórí àga Abẹnugan lọ́jọ́ náà; Abẹnugan ibẹ̀ kì í sì í dìbò àfi bí ìbò ìhà méjèèjì bá dọ́gba. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí Abẹnugan ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ. Nígbà tó di oṣù Keje, John Horgan ti NDP gba ìjọba. Mo tún rí i pé wọ́n pe ìjọba yẹn ní “ìjọba àjùmọ̀ṣe”. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Green kò ní mínísítà kankan nínú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n kàn ń kín in lẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ ìṣúná tàbí ìfọkàntán bá délẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni “aṣòfin aláìlẹ́gbẹ́”, tí wọ́n lò fún Darryl Plecas. Ní oṣù Kẹsàn-án ni aṣòfin Abbotsford South yìí gbà láti di Abẹnugan, tí ẹgbẹ́ Liberal sì lé e jáde. Lóòótọ́, kò ní ẹgbẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni Yorùbá ń pè ní aláìlẹ́gbẹ́? Ọlọ́run ni à ń fi kì, Ọba tí kò sí irú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ka àtẹ yìí yóò rò pé à ń yin ọkùnrin náà ni. “Aṣòfin adádúró” ni mo fara mọ́.

“Ìjókòó” tí wọ́n lò fún àga náà ń rú ni lójú díẹ̀, nítorí pé ìjókòó Ilé ni à ń pe ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé. “Àga” ló dára jù.

Nítorí náà, bí Clark náà ṣe ti kọ̀wé fi àga Kelowna West sílẹ̀, báyìí ni mo ṣe máa kọ àtẹ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017: Liberal, alátakò, 41, NDP, tó ń ṣèjọba, 41, Green, tó ń kín ìjọba lẹ́yìn, 3, adádúró, Abẹnugan, 1, àga tó ṣófo, 1, ajùdajì, kò sí.