Ẹ wá sọ ìrírí yín: eré apanilẹ́rìn-ín tó ń díbọ́n bíi dọkumẹ́ńtárì, nílùú kékeré etí òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá dá sí i. Irú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní mockumentary yìí ni mò ń sọ, tí kámẹ́rà á máa tẹ̀lé àwọn èèyàn kiri bíi pé dọkumẹ́ńtárì gidi ni, pàápàá àwọn tí wọ́n gbé sílùú kékeré etí òkun. Bàámi ló bá mi wo èyí tí mo kọ́kọ́ rí. Alága ìlú ń sọ fún kámẹ́rà pé àlejò á ya wọ̀lú lọ́dún yìí, etíkun wà lẹ́yìn ẹ̀, kò sẹ́nì kan níbẹ̀ àfi ajá kan tó ń ṣu. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín kú lọ, Bàámi ní "ọkùnrin yìí ò mà mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé kò lẹ́bí ni?" Mo ní Dádì, òṣèré ni o. Wọn ò gbà, wọ́n ní òṣèré kì í làágùn báyẹn. Ìgbà tí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ jáde ni wọ́n tó dákẹ́, inú sì bí wọn díẹ̀.

—

Hahaha ẹ bá mi kí Dádì o. Ẹ sọ fún wọn pé BBC fúnra ẹ̀ ti ṣe é fáwọn èèyàn rí, lọ́jọ́ April Fool, 1 oṣù kẹrin 1957, lórí Panorama tó jẹ́ ètò ìròyìn gidi, wọ́n fi ìdílé kan hàn ní Switzerland tí wọ́n ń ká sìpàgẹ́tì lórí igi, àwọn kan sì ń pè wọ́n pé báwo làwọn náà ṣe lè gbin tàwọn.

Tèmi, The Office ti ìlú Ọba ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ti 2001 tí Ricky Gervais àti Stephen Merchant ṣe. Kò sí ẹ̀rín òǹwòran kankan tí wọ́n kì bọ inú ẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì tí kámẹ́rà ń tẹ̀lé á sọ ìsọkúsọ tán, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, èmi tí mo jókòó sílé lojú á máa tì. Tó bá wá jẹ́ ìlú etí òkun ó tún burú sí i, torí ẹni tó o bú láàárọ̀ náà ló ni ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé ẹ sọdá lọ́sàn-án.

—

Ẹ jẹ́ kémi tí mo ti gbé kámẹ́rà rí sọ̀rọ̀. Àwa kan kóra jọ ya kékeré kan létí òkun, afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ̀ pa wá. Ó ń fẹ́ sínú máìkì débi pé òṣèré wa tó yẹ kó rọra sọ àṣírí ìyàwó ẹ̀ fún kámẹ́rà wá ń pariwo ẹ̀, gbogbo etíkun gbọ́, ibẹ̀ ló sì dùn jù nínú gbogbo ohun tá a yà. Omi tún ń kún, ibi tá a dúró sí láàárọ̀ ti wọmi kó tó dọ̀sán, ẹ ò lè padà lọ tún un yà.

Èyí tó le jù ni pé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀. Dairẹ́kítọ̀ wa á ní "o ti dojú kọ ọ́ kó tó lanu, ta ló sọ fún ẹ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀?" Abájọ tí The Office ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, fi lọ mú Randall Einhorn tó ti ń yàwòrán fún Survivor, ètò ìdíje tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe òṣèré ló ń ṣe é. Ó ti mọ́ ọn lára kó máa sáré tẹ̀lé èèyàn.

—

Ó dáa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ń bí mi nínú. Àwọn òǹkọ̀wé á ti ìlú ńlá wá, wọ́n á sọ gbogbo ará etí òkun di ọ̀dẹ̀. Ẹ wo Parks and Recreation (kì í ṣe etí òkun o, Indiana ni wọ́n gbé e sí), ní sísọ̀n kìíní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Leslie Knope, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tí eré náà dá lé, di ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, ìgbà tí wọ́n jẹ́ kó mọṣẹ́ ẹ̀ dáadáa lo wá rí i pé ó ń pani lẹ́rìn-ín gan-an.

—

Ẹ dákẹ́ ìbínú jàre. Màmá mi ń dá wọn lóhùn ni tèmi o. Tí òṣèré bá ti wo kámẹ́rà báyìí, Màámi á ní "èmi náà rí i, ọmọ mi, má dá a lóhùn!" Wọ́n ti bá apẹja kan jà nínú èyí tá à ń wò báyìí, tó bá ti yọjú, wọ́n á ní ká dín ohùn ẹ̀ kù.