Ṣé lóòótọ́ ni pé rọ́bà ẹ̀rọ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe bypass ọkàn?

Ọmọ Alékúwodò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Wọ́n ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn bàbá wa ti dí, mẹ́ta ló dí nínú ẹ̀, dókítà ní bypass ló kù, ìyẹn ni pé wọ́n á rán iṣan míì tí ẹ̀jẹ̀ á máa gbà yí ibi tó dí kọjá, ká máa múra Ìbàdàn. Látìgbà tọ́rọ̀ yìí ti wọlé, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti di dókítà. Bọ̀dá wa kan tó ń ta páìpù omi ní Ìgbọ̀nà ní wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ bàbá jáde sínú rọ́bà, pé rọ́bà yẹn ló ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn táwọn tí wọ́n bá ṣe é fún fi máa ń wú. Màmá wa gbọ́ báyìí, wọ́n láwọn ò ṣe mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú kó bá mi là á yé wọn, torí òyìnbó ni dókítà fi sọ gbogbo tiẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún bàbá lálàáfíà. Mo ti dúró dáadáa nídìí ẹ̀rọ yìí, èyí tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá dá ọkàn dúró fún iṣẹ́ abẹ. Bọ̀dá yín ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ẹ wò ó, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ní awọ fẹ́lẹ́ kan, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni nínípọn ẹ̀, òun ló ń tu nǹkan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ ilé míì. Ibi tó bá ti kan nǹkan tó yàtọ̀, ojú ọgbẹ́ ló máa kà á sí, ohun tó ń ṣe lójú ọgbẹ́ náà ló sì máa ṣe. Rọ́bà ọ̀hún ò ní májèlé kankan o, àjèjì ló jẹ́. Ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ibi tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, okùn ike tín-ín-rín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gba ìta ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ó máa tó ẹní tí àgbàlagbà ń sùn sí. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, fibrinogen, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, ti lẹ̀ mọ́ ike yẹn, platelet, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń dí ojú ọgbẹ́, á tún wá lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn tó kù á rẹ̀ wọn ò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa sun nígbà míì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Torí ẹ̀ la ṣe ń fún wọn ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ̀rọ tó gbà á, unit 300 sí 400 fún kílò kọ̀ọ̀kan, a ó wá máa fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wò bóyá ó ń dì. Èyí tó máa ń dì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, a máa fẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú àáyá 400, ibòmíì ní 480 làwọn fẹ́. Tó bá parí, oògùn kan tó ń jẹ́ protamine la fi ń pa agbára heparin. Ara àtọ̀ ẹja salmon ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tí ẹja bá máa ń yún bàbá, ẹ tètè sọ.

Wíwú ńkọ́? Heparin ò lè dá gbogbo ẹ̀ dúró. Àwọn tó ń gbèjà ara, ìyẹn complement (àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àjèjì jà) àti sẹ́ẹ̀lì funfun, máa dìde sí ike yẹn, ohun tí wọ́n bá tú jáde ò ní dúró sídìí ẹ̀rọ, á bá ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká, iṣan á wá máa jo omi sínú ẹran ara. Ẹ tún ro omi bíi lítà kan sí kan ààbọ̀ tá a kọ́kọ́ fi kún páìpù mọ́ ọn. Wíwú náà máa ń lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Aládìrẹ
Nọ́ọ̀sì wa, ẹ má bínú o, tó bá rí báyìí kí ló dé tí wọn ò ṣe é láìlo ẹ̀rọ? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe é bí ọkàn ṣe ń lù.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ kéèyàn máa rán iṣan tó tín-ín-rín mọ́ ohun tó ń mì lọ́wọ́, ọwọ́ tó dáńtọ́ ló ń fẹ́. Wọ́n ti fi méjèèjì wéra lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, iye tó ń kú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìwádìí kan tiẹ̀ rí i pé iṣan tí wọ́n rán láìlo ẹ̀rọ ń tètè dí padà. Lójú tèmi, èyí tí dókítà yín ń ṣe lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe. Àwọn tó ń ṣe páìpù náà ò sùn, àwọn kan ń fi heparin kun inú ẹ̀, àwọn míì ń fi phosphorylcholine, èròjà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tiwa gan-an, kùn ún, ó ń dín wàhálà yìí kù, kò tíì pa á rẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn yọrí ni Dókítà John Gibbon ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 6 oṣù karùn-ún 1953, ihò inú ọkàn ọmọbìnrin ọdún 18 ló dí, heparin ò tó, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì sórí asẹ́ inú ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ náà yè é o.

Ìyá Àdùkẹ́ Òkè-Baálẹ̀
Wọ́n ṣe é fún ọkọ mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tó nílò ìtọ́jú gidi, ojú wọn wú, ìka wọn tóbi bàǹtà-banta, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká bọ́ òrùka wọn tẹ́lẹ̀. Ìtọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì pupa díẹ̀, àyà mi já, wọ́n ní ẹ̀rọ ló fọ́ díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó ti mọ́. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, tí wọ́n bá rí i lójijì ẹ máa ní aláìsàn méjì lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì tètè wá àwọn tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀.

Ọmọ Alékúwodò
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kà á fún màmá, wọ́n rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní kí n bi yín, àgbo aáyù tí bàbá ń mu láràárọ̀ ńkọ́, ṣé kò sí wàhálà?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Wàhálà wà níbẹ̀ o! Aáyù náà kì í jẹ́ kí platelet ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí tí ẹ̀rọ bá sì ṣẹ́kù ò tó ohun tá a tún fi ń ṣeré. Ẹ kọ gbogbo oògùn àti àgbo wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ mú un lọ fún dókítà. Aspirin àti clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí platelet lẹ̀ mọ́ra, dókítà ló máa sọ èyí tí wọ́n á dá dúró àti ìgbà tí wọ́n á dá a dúró, ẹ má ṣe é fúnra yín. Àgbo yẹn ní tiẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ kúrò nítòsí bàbá lónìí.