Ẹ gbà mí o: PDF ètò ìsìnkú di JPG, àmì abẹ́ ọ àti ṣ bá pòórá

Ọmọ Màmá
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ìyá bàbá wa ló papò dà, a ti ṣe ìwé ètò ìsìn, ojú ìwé 12, orin wà níbẹ̀, oríkì wà níbẹ̀, PDF ni ẹni tó bá wa tò ó kó fún wa. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ di fọ́tò tá a máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp torí àwọn àgbà ilé ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí PDF. Mo gbé e sórí sàìtì kan, kíá ló ti yí i padà, àmọ́ tí mo bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ báyìí ṣe ni gbogbo lẹ́tà ń ṣú bí ìgbà tómi dà sí i, níbi tá a kọ "ọkọ wọn" sí, "oko wọn" ló wà níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo ní kí n mú JPG yẹn tóbi sí i, ó tún wá burú sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú o.

Òǹtẹ̀wé
Ẹ kú àsẹ̀yìndè màmá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ fi JPG yẹn sílẹ̀, ohun tó ti sọ nù nínú ẹ̀ ti sọ nù nìyẹn, inú PDF lẹ máa padà sí. PDF ò tọ́jú lẹ́tà bíi fọ́tò, bí wọ́n ṣe máa fa ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti ibi tó máa jókòó sí ló wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣú bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ tó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ di fọ́tò lẹ máa sọ iye pixel, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, tẹ́ ẹ fẹ́ nínú ínǹṣì kan, òun ni dpi. Ojú ìwé A4 ní 72 dpi, pixel 595 sí 842 péré ni, ní 300 ó di 2480 sí 3508. Lẹ́tà tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 12, àmì abẹ́ ọ ò ju nǹkan bíi pixel kan lọ ní 72, ibo ló fẹ́ dúró sí? Ní 300 ó máa tó bíi márùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá ní poppler, ìyẹn àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún PDF, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àṣẹ yìí (eto.pdf ni orúkọ fáìlì yín):

pdftoppm -r 300 -png eto.pdf oju

Ojú ìwé méjèèjìlá á jáde, oju-01.png títí dé oju-12.png. Tẹ́ ẹ ò bá kọ -r, 150 ló máa lò. PNG ni kẹ́ ẹ mú o, torí JPG máa ń gé nǹkan kúrò kí fáìlì lè kéré, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ló sì ti kọ́kọ́ máa ń hàn.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ ni bọ̀dá sọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe pdffonts eto.pdf, inú poppler náà ló wà, ẹ wo abẹ́ "emb", tí "no" bá wà níbẹ̀ a jẹ́ pé font yẹn, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi tò ó, ò sí nínú PDF, kọ̀ǹpútà yín á wá òmíràn fi dípò, àmì ohùn á sì máa fò kiri. Ẹ́ ló máa ń jìyà ẹ̀ jù. Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní ẹ, ó ní é, àmọ́ kò ní ẹ́ lódindi, ńṣe la máa ń to àmì ohùn lé ẹ lórí, font tí ò bá mọ̀ ọ́n tò á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó tò ó ni kẹ́ ẹ dá a padà fún. Ẹ sì jọ̀ọ́, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù ẹbí wà nínú ìwé ìsìnkú, kò yẹ kẹ́ ẹ máa gbé e sórí sàìtì tẹ́ ò mọ oní-ǹkan.

Ọmọ Màmá
Ẹ̀gbọ́n, mọ́mì, ẹ ṣé gan-an! "yes" ni gbogbo emb, oríkì náà mọ́ kedere lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ó tún ṣú, iwájú ìwé tí fọ́tò màmá wà sì wúwo jù.

Òǹtẹ̀wé
WhatsApp ló ń fún un pọ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ibi Document ni kẹ́ ẹ ti mú un. Iwájú ìwé yẹn nìkan lẹ lè fi ṣe JPG, fọ́tò èèyàn ò ní bà jẹ́ níbẹ̀:

pdftoppm -r 200 -jpeg -f 1 -l 1 eto.pdf iwaju

Ọmọ Màmá
Ó ti wọlé. Bọ̀dá bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ báyìí, oríkì màmá ni wọ́n ń kà látinú ẹ̀.