Ọ̀rọ̀ lórí "àjàbọ́" lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn: "bọ́" kò bá ohun tí à ń sọ mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ báípáàsì (èyí tó ń la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá dí) fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, tí onítọ̀hún sì wà láàyè, kí a máa pe èyí ní "àjàbọ́". Wọ́n ní "ìwàláàyè" ti rọ̀ jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè fara mọ́ ọn, "bọ́" ni kò sì jẹ́.

Ohun tó bá bọ́ ti bọ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn àgbà ilé wa bá ní ọdẹ kan já àjàbọ́ lọ́wọ́ ẹfọ̀n, ọdẹ ti délé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn aláìsàn yìí rí? Nínú ìwádìí STICH, aláìsàn 1,212 láti orílẹ̀-èdè 22 ni wọ́n kó jọ, àwọn tí ọkàn wọn kì í ti ju ìdá 35 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde bó bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọkàn tó le koko ń ti ju ìdajì lọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn nìkan, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ kún oògùn fún àwọn yòókù. Ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n la àyà wọn gan-an ni ikú pa jù. Èsì 2011 kò fi ìyàtọ̀ tó dájú hàn nínú iye àwọn tó kú. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣọ́ wọn dé nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí èsì 2016 sì jáde, ni àǹfààní abẹ tó hàn: ìdá 58.9 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti kú, ìdá 66.1 nínú 100 àwọn olóògùn nìkan ti kú. Ìdajì àwọn ti abẹ lo ju ọdún 7.73 láyé lẹ́yìn tí wọ́n wọ ìwádìí náà; ìdajì àwọn kejì lo ju ọdún 6.29.

Ọdún kan àti oṣù mélòó kan lórí ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ṣùgbọ́n a ò lè pe èyí ní àjàbọ́ nígbà tí ó ju ìdajì lọ tó ti kú kí ọdún kẹwàá tó pé. Àkókò ni abẹ fi kún ẹ̀mí wọn, ọ̀rọ̀ tí a bá sì yàn gbọ́dọ̀ ní àkókò nínú.

Ẹni tó kọ ọ́ ní "àjàbọ̀" lánàá, tó ní "jà, kí o sì bọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni ẹ ti gbọ́ ọ? Ohùn òkè ló wà lórí "bọ́" yẹn láti ẹnu àwọn tó bí wa. Èmi tí mo ti ṣe ògbufọ̀ fún àwọn òbí wa níwájú dókítà mọ̀ pé bí ìyá kan bá gbọ́ pé ọkọ òun "já àjàbọ́", oògùn lè di ohun ìgbàgbé nínú ilé náà.

Ní ti "àbùjá" tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò báípáàsì, n kò gbà pẹ̀lú. Àbùjá ń gé ọ̀nà kúrú. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń ṣe ni pé ó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ tàbí láti inú àyà, ó ń rán an mọ́ ibi tó kọjá ìdènà, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba ibòmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, Yorùbá tó ti gbọ́ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ yóò ha fọkàn balẹ̀ bọ́ sórí tábìlì abẹ bí? Ẹ fi báípáàsì sílẹ̀ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pè é.

Nínú àkọsílẹ̀ tí mo bá fọwọ́ sí, "ìwàláàyè títí di ọdún kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ" ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kí ó mú èyí tó kúrú wá, ṣùgbọ́n kí "bọ́" má ṣe sí nínú rẹ̀.