Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe upgrade Linux yín (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), kí lojú yín rí?

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Láti ọdún 2022 ni mo ti ń lo Ubuntu 22.04, irú Linux kan, kò yọ mí lẹ́nu rí. Lálẹ́ àná mo ní kí n gbé e lọ sí 24.04 tó tuntun jù ú lọ, mo ra dátà, ó wa gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tán, ó ti ń tò ó sórí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ò sì lè dá dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó sáré tan jẹnẹrétọ̀ ó ti kú. Mo tàn án padà, ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, ìlà funfun kékeré kan ló ń ṣẹ́jú lápá òsì lókè. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá oníbàárà mi wà nínú ẹ̀, Sátidé ni ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ṣé ẹ kó o pamọ́ síbòmíì?

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Rárá mà.

Lànà: Ọ̀gá, ẹ má fọ́mátì ẹ̀ o! Fáìlì yín ò lọ ibì kankan. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3 pọ̀, á bi yín ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá wọlé ẹ kọ sudo dpkg --configure -a, ó máa parí èyí tó ń tò lọ́wọ́ nígbà tíná lọ. Tíyẹn ò bá ṣí, ẹ lo recovery mode, ọ̀nà àtúnṣe tẹ́ ẹ máa yàn tẹ́ ẹ bá ń tan ẹ̀rọ. Èmi náà jẹ ẹ́ rí, /boot tèmi, ibi tí fáìlì tó ń tan ẹ̀rọ wà, ló kún, kernel àtijọ́ (ọkàn Linux) ló jókòó pa síbẹ̀.

Dúró_Ṣinṣin: Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ kan tèmi nìyí. Títí di 2027 ni wọ́n á máa tún 22.04 ṣe fún wa, kí ló ń lé yín?

Olùkọ́ Èdè: Tèmi tàn, àmọ́ kíbọọ̀dù mi padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò rí ẹ, ọ, ṣ tẹ̀ mọ́. Ìdánwò ku ọ̀la, mo tẹ̀ ẹ́ lọ láìsí àmì: "Ki ni anfaani ile eko?" Ọmọ mọ́kànlá ló kọ̀wé nípa ilé tó wà l'Ékòó! Ó dùn mí gan-an, torí wọn ò ṣẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn: Mọ́kànlá kẹ̀? Àbùmọ́ wà ńbẹ̀ o. Ta ló tiẹ̀ ń fi àmì sí i lóde òní, ó ṣáà máa yéèyàn.

Ìyá Ìbejì: Ó yé ta ni? O ò kà á ni, wọ́n ní ilé Èkó!

Olùkọ́ Èdè: Ìwé wọn wà lọ́wọ́ mi. Máàkì tí mo fún wọn padà ńkọ́, ṣé àbùmọ́ nìyẹn náà?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ má bínú mà. Lórí fóònù ni mo sọ, kì í ṣe ìdánwò.

Lànà: Mà, ẹ lọ sí Settings, Keyboard, ẹ wá Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà, ẹ fi kún un.

Olùkọ́ Èdè: Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ó ti wọlé: ẹ ọ ṣ.

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Ó ń sáré o! Ìlà lórí ìlà ló ń kọ sójú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má pa á o. Iná wà?

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Jẹnẹrétọ̀ ni. Ó ti tàn! Wifi ò sí, àmọ́ ìwé ètò náà ṣí, fọ́tò màmá wà níbẹ̀.

Lànà: Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tan tethering, á gbé íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì: Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ o, ẹ kọ́kọ́ kó o sórí flash!

Atẹ̀wé Mọ́kọ́lá: Mo ń kó o lọ báyìí mà.