Lẹ́ńsì 50mm mi kì í mú òdòdó kòkó tí mo bá sún mọ́ ọn

Ọmọ Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì
Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkó bàbá mi ti ń tanná, mo sì fẹ́ ya òdòdó rẹ̀ lára igi níbẹ̀, kó kún inú fọ́tò. Canon àlòkù ni mo ní, pẹ̀lú 50mm f/1.8 II. Tí mo bá ti sún mọ́ ọn, lẹ́ńsì á kàn máa kùn, á máa lọ síwá sẹ́yìn, màá tẹ bọ́tìnì, kò ní yà. Tí mo bá fà sẹ́yìn, ó mú, àmọ́ òdòdó á kéré jọjọ. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Fọ́tò, Adó
Àbúrò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Gbogbo lẹ́ńsì ló ní ibi tí nǹkan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn jù. Tìẹ yẹn, sẹ̀ǹtímítà 45 ni. Kì í sì í ṣe ẹnu lẹ́ńsì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o, sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà ni, ìyẹn ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Wo orí kámẹ́rà rẹ, wàá rí òdo kékeré kan tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà.

Bí nǹkan bá ṣe ń sún mọ́ lẹ́ńsì ni àwòrán rẹ̀ ń jìnnà sẹ́yìn lẹ́ńsì, nítorí náà lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ yọ síwájú kí àwòrán tó bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀. Tìẹ ò lè yọ ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ. Kí 50mm tó ya nǹkan bó ṣe tóbi gan-an sórí sẹ́ńsọ̀, àfi kó yọ tó mìlímítà 50.

Àwọn tó máa ní kó o lọ ra lẹ́ńsì macro, èyí tí wọ́n ṣe fún yíya nǹkan kékeré látòsí, ń bọ̀. Kí wọ́n fún ẹ lówó ẹ̀. Extension tube ni kó o rà: òrùka òfìfo tí kò ní gíláàsì kankan, tó máa ń wà láàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Pẹ̀lú tube 25mm, òdòdó tó fẹ̀ tó mìlímítà 15, tó ń gba bíi 2 lórí sẹ́ńsọ̀ tẹ́lẹ̀, á gba bíi 10. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀pọ̀ Canon kékeré fẹ̀ tó mìlímítà 22. Rí i dájú pé tube náà ní àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná lọ sí lẹ́ńsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní lè yí f/1.8, ìyẹn bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó, padà.

Ìyá Ṣadé
Gíláàsì close-up 52mm tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ńsì lèmi ń lò fún òrùka ìyàwó. Owó rẹ̀ ò pọ̀, etí fọ́tò ló kàn máa ń rí bàìbàì.

Ọmọ Olósùnta
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Autofocus tí lẹ́ńsì fi ń dá dójú lé nǹkan ńkọ́?

Bàbá Fọ́tò, Adó
Pa á. Fi lẹ́ńsì sí MF, ìyẹn kí lẹ́ńsì má dá dójú lé nǹkan mọ́, kó o wá máa fi ara rẹ sún síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní f/8, ibi tó máa hàn kedere ò ju bíi mìlímítà kan lọ, torí náà àwọn ọ̀pá pupa tó yọ láàárín òdòdó ni kó o dójú lé, jẹ́ kí ewé rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Abẹ́ kòkó ṣókùnkùn, tube náà sì ń jẹ ìmọ́lẹ̀, torí náà mú fíláàṣì dání. Tí tube bá wà níbẹ̀, òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán ò ní hàn kedere, má rò pé ó tún ti bàjẹ́. Ilé ni kó o ti dè é o, kí eruku oko má baà wọ sẹ́ńsọ̀.